Àwòrán Ọṣẹ Tí Màmá Òkè Fún Mi

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé káfíńtà ti wá wo ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, àbí ó ṣì ń sọ pé ọ̀la? Èmi wà dáadáa. Òtútù ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ sì ń lọ. Wọ́n ra ẹ̀rọ ìfọṣọ tuntun sí ilé alágbàfọ̀ wa, ó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fọ aṣọ mọ́.

Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa kọ lẹ́tà, pé ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í dúró lọ́wọ́ èèyàn, lẹ́tà ni èèyàn lè tún kà. Ó dáa. Mo ní èyí tí ẹ máa fẹ́ tún kà.

Ẹ rántí Màmá Òkè tí mo máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyá àgbàlagbà tó ń gbé lókè ilé alágbàfọ̀ wa. Èmi ni mo máa ń gbé aṣọ rẹ̀ gòkè fún un, torí pé òun àti àtẹ̀gùn ti ń bá ara wọn jà tipẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní apá kejì ìlú. Lọ́jọ́ tó ń di ẹrù, ó pè mí, ó ní, "Wá gbé nǹkan yìí. Tìẹ ni."

Mo rò pé ìkòkò ni. Àwòrán ara ògiri rẹ̀ tí mo máa ń dúró wò ni, Màmá! Àwòrán inú férémù, ó fẹ̀ tó tábìlì ìjẹun wa nílé. Ohun tó sì wà nínú rẹ̀, ẹ lè má gbàgbọ́: páálí ọṣẹ. Páálí ọṣẹ ìfọṣọ mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan yẹ́lò, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan píǹkì. Kò sí èèyàn níbẹ̀, kò sí igi, kò sí òdòdó. Ọṣẹ nìkan.

Mo gbé e kọ́ sókè bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n tí mo bá jí láàárọ̀ tí oòrùn bá a, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnì kan tẹ̀rín-tẹ̀rín wọ yàrá mi.

Ẹ kọ̀wé kíá o.

Ọmọ yín,
Afínjú


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Afínjú mi,

Mo kí ẹ, mo kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Orúnkún mi wà bó ṣe wà, kò lọ, kò bọ̀. Káfíńtà wá. Ó wo ilẹ̀kùn, ó mi orí, ó gba omi mu, ó lọ.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí o ṣe fẹ́, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì dùn mí. Jẹ́ kí n bi ẹ́. Kí ni ìwọ ń fọ̀ fún wọn níbẹ̀? Aṣọ. Kí ni wọ́n fi ń fọ aṣọ? Ọṣẹ. Obìnrin tí o gun àtẹ̀gùn fún láti ọdún mẹ́rin, kò rí nǹkan mìíràn fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ àfi àwòrán ọṣẹ? Kí o lè máa rántí ipò rẹ títí dé orí bẹ́ẹ̀dì tí o sùn sí ni? Ìwọ sì gbé e kọ́ ògiri, ò ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, ọkàn rẹ mọ́ jù. Èèyàn lè fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Mo tún ní ẹjọ́ kan. Ọdún keje rèé tí mo ti fi ojú kàn ẹ́. Ọdọọdún lò ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ yìí ti sú mi.

Jẹun dáadáa. Má máa fi orí tútù jáde.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárò mi, ẹ sì kú ìnira orúnkún.

Mi ò tètè fèsì torí pé lẹ́tà yín dùn mí wọnú. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí, láti ìgbà tí mo sì kà á, mi ò lè rò ó lọ́nà mìíràn mọ́. Mo gbé àwòrán náà sọ̀ kalẹ̀. Mo kọ ojú rẹ̀ sí ògiri fún ọjọ́ mọ́kànlá. Gbogbo ìgbà tí mo bá da ọṣẹ sínú ẹ̀rọ níbi iṣẹ́, ojú máa ń tì mí bíi pé ẹnì kan ń wò mí.

Ọkùnrin kan wà tí a jọ ń lọ aṣọ. Ọ̀mọ̀wé ni à ń pè é, torí pé gbogbo ìwé ìròyìn tí àwọn oníbàárà bá gbàgbé sínú àpò aṣọ wọn ló máa ń kà tán kó tó dá a padà. Mo ṣàlàyé àwòrán náà fún un. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

Ó ní, "Pọ́ọ̀pù áàtì nìyẹn! Ìgbà kan wà tí yíya ọba àti òkè ńlá sú àwọn ayàwòrán. Wọ́n wá lọ sínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya ohun tó wà lórí pẹpẹ. Agolo, ìgò, páálí. Ohun tí gbogbo èèyàn ń fọwọ́ kàn tí wọn kì í wò."

Mo bi í pé, "Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àbí wọ́n ń yìn ín?"

Ó ní, "Àwọn ọ̀mọ̀wé gidi ṣì ń jà lé e lórí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òmíràn wà nínú wọn tó ń gba owó ilé kan."

Owó ilé kan! Ọjọ́ kejì ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò àwòrán kan tó ní ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Kò jókòó, kò ní kí èmi náà jókòó. Ó wò ó bí ẹni ń wo ẹja tó ti kú lánàá. Ó ní, "Wo àwọ̀ pupa yìí, ó ti yẹ̀ kúrò lórí ìlà rẹ̀. Iṣẹ́ tó bàjẹ́ ni. Ìwé ìpolówó lásán. Mo lè fún ẹ ní owó férémù rẹ̀."

Ó ń rìnrìn àjò, ó máa dé ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Mo ti pinnu pé kó máa gbé e lọ. Ó kéré tán, màá kúrò lójú àwòrán náà. Mo fi fọ́tò rẹ̀ sínú àpòòwé yìí kí ẹ lè rí ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa.

Ọmọ yín,
Afínjú


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin

Má tà á!

Màá kí ẹ tó bá yá. Kọ́kọ́ gbọ́: má tà á fún ọkùnrin yẹn, má jẹ́ kó tún fọwọ́ kàn án.

Afínjú, mo gbé fọ́tò náà lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo rí pupa tó yẹ̀ náà. Ibi tó ti gun orí yẹ́lò, ó di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dà bí èèpo ọsàn. Nígbà tí mo rí ìlà yẹn, mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣé o ti gbàgbé ẹni tó bí ẹ ni? Ọdún méjìlélógún ni mo fi po íńkì nílé ìtẹ̀wé. Aláwọ̀ ni wọ́n ń pè mí, ọ̀gá pàápàá ò mọ orúkọ mi gan-an. A tẹ páálí bísíkíìtì, a tẹ àlẹ̀mọ́ ìgò òróró, a tẹ àsíá àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A máa na aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára férémù igi, a ó dí ibi tí a ò fẹ́ kí íńkì gbà, a ó wá fi rọ́bà fa íńkì kọjá lórí rẹ̀ kó lè jò sára bébà. Àwọ̀ kan, férémù kan. Ọwọ́ èèyàn ló ń fà á. Bí bébà bá sún ní ìwọ̀n fọ́nrán irun kan, àwọ̀ á yẹ̀ lórí ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ ìwé ìpolówó kì í yẹ̀ báyẹn. Ọwọ́ ló ń yẹ̀ báyẹn.

Fọ́tò kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, nítorí náà ìwọ ni kí o bá mi wò ó. Gíláàsì tí ẹ fi ń wo àbàwọ́n níbi iṣẹ́, yá a. Wo inú àwọ̀ pupa. Bí o bá rí tó-tò-tó kéékèèké bí ẹni da ata gígún sílẹ̀, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, ọkùnrin yẹn sì jàre. Bí àwọ̀ náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi inú àwo, ọwọ́ ni. Lẹ́yìn náà, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, o máa rí i pé íńkì náà yọ díẹ̀ lórí bébà bí ìgbà tí ọgbẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ san. Kí o wá tú férémù. Rọra o! Fọ ọwọ́ rẹ, kí o gbẹ ẹ́. Wo ìsàlẹ̀ bébà níbi tí igi bò mọ́lẹ̀, bóyá wọ́n fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà méjì síbẹ̀ tí ìlà kan dá láàárín wọn. Ayàwòrán kan wá tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà kan, èmi ni mo po àwọ̀ fún un. Bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń kọ nọ́ńbà sí i, pé èyí ni ìkẹta nínú ogójì, èyí ni ìkẹrin. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bàa fi kún un lẹ́yìn òun ni.

Ọmọ mi, ọdún kẹsàn-án rèé tí ọ̀gá ra ẹ̀rọ tó sì ní ká máa lọ sílé. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó bi mí ní ohunkóhun nípa íńkì. Mi ò sọ fún ẹ rí, mo ta àwọn férémù mi fún ẹnì kan tó fi wọ́n ṣe ilé adìyẹ. Nígbà tí mò ń kọ lẹ́tà yìí, ọwọ́ mi ń yá ju orí mi lọ.

Ó yá, mo kí ẹ. Ṣé o jẹun?

Ìyá rẹ,
Aláwọ̀


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Màmá mi, Aláwọ̀, ọ̀gá àwọn ọ̀gá!

Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á. Mi ò rí ata gígún kankan! Pupa náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, íńkì náà yọ bí ẹ ṣe wí. Nígbà tí mo tú férémù, Ọ̀mọ̀wé ló ń gba ìṣó lọ́wọ́ mi. Ó wà níbẹ̀, Màmá. Pẹ́ńsù. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìlà kan, márùndínlọ́gọ́rin. Ayàwòrán náà sì buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo gbé e lọ sí ilé gbàǹjo ńlá tí wọ́n ti ń ta àwòrán. Obìnrin kan tó mọ̀ nípa rẹ̀ ló dá mi lóhùn. Mo ka lẹ́tà yín fún un, mò ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi ọgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san, ó gbé bírò sílẹ̀.

"Ta ni ìyá rẹ?"

Mo ní, "Ó ń po íńkì."

Ó ní, "Sọ fún un pé ó tọ́. Gbogbo ohun tó sọ ló tọ́."

Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó fi òmíràn tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú tèmi hàn mí. Pupa tiẹ̀ náà yẹ̀! Ó ní ayàwòrán náà mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, torí pé páálí gidi tó ń jáde láti ilé iṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gún. Mo wá bi í ní ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn, pé kí ló dé tí ọṣẹ fúnra rẹ̀ ò wọ́n tí àwòrán rẹ̀ sì wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe ọṣẹ ni wọ́n ń rà. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé "ẹ dúró, ẹ wò ó" ni wọ́n ń rà, àti pé márùndínlọ́gọ́rin péré ló wà láyé.

Oòrùn ti pa píǹkì rẹ̀ díẹ̀, páálí ẹ̀yìn férémù sì ti sọ etí bébà di ràkọ̀ràkọ̀. Ìyẹn ti já owó rẹ̀ sí ìdajì. Síbẹ̀, Màmá, ohun tó kù tó owó iṣẹ́ mi fún oṣù mẹ́jọ.

Mo ti gba fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tà á. Tí wọ́n bá ti tà á, mò ń bọ̀ nílé. Kì í ṣe ọdún tó ń bọ̀. Ọdún yìí!

Ọmọ yín tí inú rẹ̀ ń dùn,
Afínjú


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù karùn-ún

Afínjú mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo pariwo, ìyá aránṣọ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa sáré wọlé, ó rò pé mo ṣubú. Mo sọ fún un, a jọ jó díẹ̀, orúnkún ló ní kí n jókòó.

Nígbà tí mo jókòó ni nǹkan kan wá sí mi lọ́kàn, kò sì jẹ́ kí n gbádùn láti ìgbà náà. Ṣé Màmá Òkè mọ̀?

Àwòrán ọṣẹ ló fún ẹ. Ṣé ó mọ̀ pé owó iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ ló ń gbé lé ẹ lọ́wọ́? Bí ó bá mọ̀, Ọlọ́run á bù kún un, mo sì ti bú u láìṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ̀, èyí tí o fẹ́ tà yìí kọ́ ni èyí tó fún ẹ. Lọ sọ fún un kí o tó buwọ́ lu ohunkóhun.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ó lè gbà á padà. Mo mọ ohun tí ìyẹn máa ná mi. Má rò pé ó rọrùn fún mi láti kọ ọ́.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù keje

Afínjú,

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ti dá ìró bàtà mi mọ̀, kí n tó dé iwájú rẹ̀ ló ti ń mi orí.

Mo pè ẹ́ lórí fóònù, o ní o wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo tún pè, o ní aṣọ pọ̀. Ọ̀rọ̀ mi ti le jù, àbí? Mo kọ́kọ́ ba àwòrán náà jẹ́ lójú rẹ, mo tún ba owó rẹ̀ jẹ́.

Bí o bá ti tà á, sọ fún mi. Bí o kò bá tíì tà á, sọ fún mi. Bí o bá tà á láìsọ fún obìnrin yẹn, sọ ìyẹn náà fún mi. Mi ò ní pariwo. Kí n ṣáà rí ìwé ọwọ́ rẹ.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ ogún, oṣù keje

Màmá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin.

Inú bí mi ni. Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé e sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yin lẹ ní kí n má tà á, ẹ̀yin náà lẹ tún ní kí n lọ fi í han ẹni tó ni ín. Mo sọ lọ́kàn mi pé Màmá ò fẹ́ kí n wálé ni. Mo buwọ́ lu fọ́ọ̀mù náà. Mo fi sínú àpò, mo sì ń gbé e kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìdá a padà sí ilé gbàǹjo. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ dá a padà, ohùn yín ni mò ń gbọ́: ṣé ó mọ̀?

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì ni, ló ṣílẹ̀kùn. Màmá Òkè wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti rù díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò rù. Ó ní, "Ẹ wo ẹni tó gbàgbé mi!" Mi ò lè jẹ bísíkíìtì tí wọ́n gbé fún mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, mo sì sọ iye rẹ̀.

Ó ní, "Èló?"

Mo tún un sọ.

Nọ́ọ̀sì náà gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa."

Màmá Òkè wo ìta. Ẹ̀rù ń bà mí, mò ń ka bọ́tìnì aṣọ mi. Ó wá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi.

"Wo èyí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo wọ ilé iṣẹ́ ọṣẹ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń rọ ọṣẹ sínú páálí. Irú páálí yẹn gan-an. Ọwọ́ mi máa ń bó bí èèpo àlùbọ́sà. Lọ́jọ́ kan tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, mò ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, mo rí i pé ẹnì kan ti gbé páálí wa kọ́ sí ibi tí wọ́n máa ń gbé àwòrán àwọn ọba kọ́ sí. Mo dúró lójú ọ̀nà, mo bú sẹ́kún. Owó bàtà mi ni mo fi rà á. Bàtà jíjò ni mo wọ̀ lọ́dún yẹn."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, Màmá.

Ó ní, "Gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá mi, wọ́n máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ìpolówó ṣe ọ̀ṣọ́. Ìwọ nìkan lo gbé aṣọ sílẹ̀ tí o dúró wò ó, láìsọ̀rọ̀. Mo ní, èyí mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ òun náà wà nínú rẹ̀."

Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé ó níye lórí tó bẹ́ẹ̀.

"Rárá o! Ká ní mo mọ̀, bóyá ǹ bá má fún ẹ, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti fún ẹ. Bí o bá fẹ́ tà á, tà á. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: má jẹ́ kó lọ sí ibi tí mi ò ti ní lè rí i mọ́."

Ọmọ rẹ̀ dìde. Mo rò pé ó fẹ́ lé mi jáde ni. Bírò àti bébà ló lọ mú wá. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ fún un, kí ẹnikẹ́ni má bàa bá a jà lọ́la." Kò rẹ́rìn-ín sí mi, ṣùgbọ́n òun ló kọ ọ́, òun ló sì sìn mí dé ibùdó bọ́ọ̀sì.

Mo ti ya fọ́ọ̀mù gbàǹjo yẹn. Ẹni tó bá rà á níbẹ̀ lè gbé e lọ sí ìpẹ̀kun ayé. Mi ò tíì mọ ohun tí màá ṣe. Mo ti gbé e kọ́ padà, ní ibi tí oòrùn ò dé.

Ọmọ yín,
Afínjú


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ

Afínjú mi, ọmọ tí mo bí re,

Ka èyí sétí Màmá Òkè fún mi. Sọ fún un pé ìyá rẹ tọrọ àforíjì. Mo pe ẹ̀bùn rẹ̀ ní yẹ̀yẹ́, ẹkún òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi ni. Èmi tí mo fi ọdún méjìlélógún tẹ àlẹ̀mọ́ ìgò tí àwọn èèyàn ń ya dànù, ó yẹ kí n tètè mọ̀.

Mi ò ní sọ ohun tí o máa ṣe mọ́. Mo ti sọ̀rọ̀ tó. Bí o bá tà á, ó dáa. Bí o kò bá tà á tí o kò sì wálé lọ́dún yìí, màá fara dà á.

Gbọ́ ìròyìn tèmi. Mo lọ bá káfíńtà wa, mo ní kó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, kó kan férémù fún mi. Ọjọ́ kejì ló gbé e dé! Ọkùnrin tó ń fi ilẹ̀kùn kan dá ọjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ìyá aránṣọ fún mi ní aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo na án. Àwọn tíṣà ilé ìwé tó wà lẹ́yìn wa ń wá ẹni tó máa tẹ báàjì sára aṣọ àwọn ọmọ wọn. Mo ní èmi rèé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fa rọ́bà, àwọ̀ yẹ̀. Mo fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣì yẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gún. Ìyá aránṣọ ti ní kí n kọ́ òun.

Íńkì ti wà ní èékánná mi báyìí, kò lọ. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ kó lọ.

Ìyá rẹ,
Aláwọ̀


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹsàn-án

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí èékánná yín.

Mo ti tà á. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo padà lọ bá obìnrin ilé gbàǹjo, mo sọ ohun tí Màmá Òkè fẹ́ fún un. Dípò kó bínú pé mo ya fọ́ọ̀mù òun, ó gbé fóònù. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan wà ní apá kejì ìlú, níbi tí wọ́n ń kó àwọn iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ilé iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ sí. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni láti ilé nọ́ọ̀sì. Wọ́n wá wò ó, wọ́n rà á. Owó wọn ò tó ti gbàǹjo, ó kù díẹ̀ kó tó ti oṣù méje. Mo gbà á tayọ̀tayọ̀.

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ṣí i fún gbogbo èèyàn, a fi àga onítáyà gbé Màmá Òkè lọ. Wọ́n ti kọ ìtàn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà, pé ẹni tó ni ín fún ọ̀pọ̀ ọdún rọ irú ọṣẹ yẹn sínú páálí. Ó kà á, ó ní wọ́n ṣi ọdún kan kọ. Wọ́n tún un kọ lójú rẹ̀! Kò pẹ́ tí àwọn àlejò fi yí i ká. Ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń ká ẹnu páálí kí ọṣẹ má dà, gbogbo wọn sì ń ká afẹ́fẹ́ tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì náà dì mọ́ mi. Ọ̀mọ̀wé wọ kóòtù tí mo mọ̀ dájú pé oníbàárà kan ló ni ín. Ògiri mi ti ṣófo báyìí, ṣùgbọ́n inú mi ò ṣófo.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kejì, oṣù kejìlá, ọkọ̀ òfurufú mi á balẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán. Ọ̀gá mi fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí ni kí n rà bọ̀ fún yín?

Ọmọ yín tó ń bọ̀,
Afínjú


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹwàá

Afínjú mi,

Orí ìdúró ni mo ti ka lẹ́tà rẹ, níwájú akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Mo ní nǹkan wà, nǹkan pọ̀.

Má ra nǹkan kan. Kí ara rẹ ṣáà dé. Bí àyè bá ṣẹ́kù nínú báàgì rẹ, fi lẹ́tà Màmá Òkè sí i, bí ó bá fẹ́ kọ ọ́ sí mi. Ìwọ lo máa túmọ̀ rẹ̀.

Mo ti fọ kọ́tìnnì yàrá rẹ. Mo ti sọ fún àwọn tíṣà pé mi ò ní tẹ báàjì kankan ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kí wọ́n fi ti ọ̀sẹ̀ kejì dúró. Ìyá aránṣọ ní òun máa sìn mí lọ pàdé rẹ, ó ti ń rán aṣọ tó máa wọ̀, bíi pé òun ló bí ẹ. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ la ti máa wà ní pápákọ̀ òfurufú. Mo mọ̀ pé aago méjì lo wí.

Ohun kan ń kọ mí lóminú, má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọdún méje kì í ṣe ọjọ́ méje. Nínú gbogbo fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, ẹ̀rín lò ń rín, èmi ò sì mọ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rín fọ́tò. Ojú rẹ tó bá ti rẹ̀ ni mo mọ̀, bí o ṣe máa ń ṣu ẹnu jọ díẹ̀ tí o bá ti ilé ìwé dé. Nítorí náà, bí o bá ti jáde níbi ilẹ̀kùn ńlá yẹn, má sáré, má sì wá mi kiri láàárín èrò. Gbé báàgì rẹ sílẹ̀, kí o dúró sójú kan.

Èmi ni màá wá bá ẹ.

Ìyá rẹ